Bí oníbàárà bá ní òun kò rí ẹrù

Ìyá kan jókòó sí Kétu. Ó ya àwòrán gàrí rẹ̀, ó fi í sórí WhatsApp. Oníbàárà kan ní Kútọnú rí i, ó fi owó àpò méjì ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìyá náà di ẹrù, ó fi í rán awakọ̀ tó ń lọ sí Kútọnú. Ní ọjọ́ kejì, fóònù dún: "Ìyá, n kò rí gàrí mi o. Ẹ dá owó mi padà."

Owó àpò gàrí méjì kì í ṣe owó kékeré. Bí ẹ bá dá a padà, tí ẹrù sì sọnù, owó lọ, gàrí lọ. Bí ẹ bá kọ̀, oníbàárà á máa sọ kiri pé olè ni yín. Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ má bínú, ẹ má sì pè é ní òpùrọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù kò sọnù. Ó lè wà ní ibùdókọ̀. Ó lè jẹ́ pé aládùúgbò ló gbà á, tí kò tíì sọ. Ní Kútọnú, àwọn ọ̀nà kékeré tí wọ́n ń pè ní von jọ ara wọn púpọ̀, ẹni tó gbé ẹrù wá lè ṣìnà. Ẹ sọ fún oníbàárà pé: "Mo gbọ́. Màá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, màá pè yín kí ilẹ̀ tó ṣú." Kí ẹ sì pè é, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì rí ohun kan sọ. Ẹni tí a kò dá lóhùn ni ó máa ń pariwo.

Ẹ wá pe awakọ̀. Ta ni ó fún ní ẹrù? Níbo? Ní aago mélòó? Bí ó bá ní zemidjan ni òun fún, ẹ béèrè nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀wù yẹ́lò ẹni náà. "Ọkùnrin kan ni" kò tó.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ṣe pe awakọ̀ tí ẹ kò mọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ di ẹrù ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ìwé kan fún ẹrù nìkan. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí ẹ dì àti bí ó ṣe wúwo tó. Ẹ kọ orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Kí ó fọwọ́ sí i, tàbí kí ó tẹ̀ka. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà sára àpò pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ẹrù nínú ọkọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lójú ẹsẹ̀.

Awakọ̀ mìíràn á ní: "Ìyá, ṣé ẹ kò fọkàn tán mi ni?" Ẹ dá a lóhùn pé gbogbo ẹrù yín ni ẹ ń kọ, ti ọmọ yín pàápàá.

Òfin mọ irú ìwé yìí. Ní ọdún 2003, àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn, ṣe òfin lórí kíkó ẹrù lójú ọ̀nà. Ìwé ẹrù náà ni wọ́n ń pè ní lettre de voiture lédè Faransé. Bí ẹrù kò bá dé rárá, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹni tó gbé e kí oṣù 6 tó pé láti ọjọ́ tí ó gbà á. Ẹ̀sùn ẹnu kò tó.

Bí awakọ̀ kò bá lè fi hàn pé ẹrù dé, ẹ san án fún oníbàárà, tàbí kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni ó fún lówó, kì í ṣe awakọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó dojú kọ awakọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá fi hàn pé ẹnìkan fọwọ́ sí i nílé oníbàárà, ẹ fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí i, kí ẹ ní kí ó bi àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹni tó bá sì ní òun kò rí ẹrù lẹ́ẹ̀mejì, kí ó máa wá gbà á fúnra rẹ̀ ní ibùdókọ̀.