Bí Ẹbí Láti Kútọnu Ṣe Lè Fi Ẹṣin Gun Òkè Lọ́jọ́ Ìbí

Orí iyanrìn etí òkun ni wọ́n tẹ Kútọnu dó sí. Kò ní òkè, ẹṣin ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ọmọ ibẹ̀ á ti gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan káàkiri kó tó fojú kan ẹṣin. Ẹbí tó bá fẹ́ fi ẹṣin gun òkè lọ́jọ́ ìbí ní láti kọrí sí àríwá, kó gba Bohicon àti Djougou dé Natitingou, láàárín àwọn òkè Atakora. Ọ̀nà náà lé ní 500 kìlómítà. Ẹ yọ odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un.

Eṣinṣin tsetse ló jẹ́ kí ẹṣin ṣọ̀wọ́n ní gúúsù. Bó bá jẹ ẹṣin, ó lè kó kòkòrò tí ojú kò rí sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa dínkù, ẹran á máa rù, títí tí yóò fi kú. Ọ̀yọ́ àtijọ́ pàápàá, tó gbójú lé ẹlẹ́ṣin, àríwá ló ti ń ra ẹṣin. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Bàrùbá ló mọ ẹṣin jù. Nínú oṣù tí a bí Ànọ́bì ni wọ́n ń ṣe ọdún Gaani ní Nikki, tí àwọn ẹlẹ́ṣin á wọ ẹṣin láṣọ wá kí ọba. Ta ló wá ní àṣà òyìnbó ni ẹṣin lọ́jọ́ ìbí? Kouandé, ìlú ọba Bàrùbá mìíràn, kò jìnnà sí Natitingou. Ibẹ̀ ni èmi ì bá ti kọ́kọ́ béèrè ẹlẹ́ṣin.

Ẹ ro ti ìwọ̀n kí ẹ tó ro ti aṣọ. Ẹni tó gun ẹṣin pẹ̀lú gàárì kò gbọdọ̀ wúwo ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin náà lọ. Bí ẹṣin bá wọn 300 kílò, 60 kílò ni òpin ẹrù rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bàbá fẹsẹ̀ rìn, kó máa fa ẹṣin ọmọ. Iyì ni, kì í ṣe ìyà. Ọmọ tí kò bá ní àṣíborí, kó má gùn ún.

Apá òsì ni a ti ń gun ẹṣin. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ tún okùn abẹ́ ikùn fà, torí àwọn ẹṣin kan a máa fẹ́ ikùn nígbà tí a bá ń di gàárì fún wọn. Bí ẹṣin bá ń gòkè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í lọ: ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ di irun ọrùn rẹ̀ mú. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹrù á bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú: ẹ fara sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ti gìgísẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì dẹ ìjánu kó lè na ọrùn wo òkúta. Ẹ̀rù a máa mú ọmọdé fa ìjánu. Ìyẹn ló ń gbé orí ẹṣin sókè, tí kò fi ní rí ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Bí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, òjò á ti sọ ọ̀nà òkè di yíyọ̀. Ẹ sún un síwájú.

Kéèkì ńkọ́? Kó dúró dè yín nísàlẹ̀, kí bàlúùnù sì jìnnà. Ìró òjijì a máa dẹ́rù ba ẹṣin; nígbà tí Ọ̀yọ́ kọlu ìjọba Dàhómì ní 1726, ìró ìbọn da ẹṣin Ọ̀yọ́ láàmú. Ẹ tú gàárì, ẹ fún ẹṣin lómi, kí ẹ tó gé kéèkì.