Ká Tó Ra Sípíkà Iwájú Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kérò láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n bá àwọn yan sípíkà iwájú ọkọ̀. "Max" gàdàgbà ara páálí ni wọ́n ń wò. RMS ló yẹ ká wò: òun ni agbára tí sípíkà lè máa gbé láìsinmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá dán an wò. Ariwo "s" máa ń ga ju 4000 Hz lọ. Tweeter kékeré ló ń gbé e. Bí "sá" àti "ṣá" bá jọra létí yín, ẹ má sanwó. Àmọ́ ẹ má fi ohùn ará Ọ̀yọ́ bíi tèmi dán an wò o. "S" ni "ṣ" ń jẹ́ lẹ́nu wa nígbà míì!

Ẹ̀gbọ́n mi kò ra èyí tó pariwo jù. Èyí tí ìròyìn fi yé èrò ẹ̀yìn ni wọ́n rà.