Òróró àti Òógùn Nínú Awọ Álípákà

Lórí òkè Andes, ní ilẹ̀ Pérù àti Bòlífíà, ni ẹranko kan ń gbé tí à ń pè ní álípákà. Ìbátan ràkúnmí ni í ṣe, irun rẹ̀ sì nípọn púpọ̀. Bí a bá fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wo awọ rẹ̀, a óò rí àpò òróró lẹ́bàá gbòǹgbò irun ńlá, àti ihò òógùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ká jọ bí ejò. Inú ihò tí irun ń gbà yọ ni àwọn méjèèjì ń tú sí. Òróró náà kò pọ̀ tó ti àgùntàn.

Òógùn ni í tu ẹranko lára. Ṣùgbọ́n lábẹ́ irun nínípọn, kò rọrùn fún un láti gbẹ. Abẹ́ ikùn àti abẹ́ itan, níbi tí irun gbé fẹ́lẹ́, ni ooru ti ń rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, bí a kò bá rẹ́ irun álípákà ní ilẹ̀ olóoru, ó lè kú. Bí ooru bá sì mú un, abẹ́ ikùn ni kí a da omi sí, kì í ṣe ẹ̀yìn.