Wáyà iná olówó gọbọi kì í tún ohùn ẹ̀rọ ṣe, gbàrọgùdù rẹ̀ ló yẹ kí onílé bẹ̀rù

Bí èèyàn bá ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ńlá, tó tún fi anpilifáyà àti àwọn sípíkà tó ń dún bí ààrá tì í, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ fún un pé wáyà tín-ínrín tó bá ẹ̀rọ náà wá nínú páálí kò lè gbé e. Wọn á ní kó yọ ọ́ sọnù, kó lọ ra èyí tó ki, nítorí ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ohùn já gaara, kí àwòrán sì mọ́ kedere. Òwò ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti dà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wáyà iná kan ṣoṣo ti lè gba owó tó ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ orin. Ní Nàìjíríà, ìwọ̀nba èèyàn ló ń ra irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà ti débẹ̀: bí wáyà bá ti ki, tó sì ń dán, wọ́n gbà pé ó ti dára nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò dáadáa, nítorí ẹ̀mí àti dúkìá wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kìlómítà ni iná ń rìn lórí òpó kó tó dé ọ̀dọ̀ tiransifọ́mà àdúgbò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi fóòtì 230, kó tó tún gba orí òpó mìíràn wọ ilé, kó sì gba inú ògiri dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn yìí, wáyà ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tó kẹ́yìn kò lè tún ohun tó ti bàjẹ́ láti òkè ṣe. Ẹni tó ń mu omi kànga tó dọ̀tí, bó bá pààrọ̀ ife rẹ̀ sí ti wúrà, omi náà kò ní í tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ kì í lo iná bó ṣe wọlé. Iná ìjọba a máa lọ síwájú sẹ́yìn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá kan wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tó ń sọ ọ́ di èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tó sì ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ kó lè máa ṣàn déédéé. Iná tí apá yìí bá pèsè ni ohùn àti àwòrán ń lò. Bí a bá sì ṣe ìṣirò rẹ̀, wáyà bàbà lásán tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.75 mm², tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán oníwáàtì 150, kò ní í dín tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòtì kan kù nínú 230 náà. Níbi tí iná ti lè wálẹ̀ sí 180 nírọ̀lẹ́, kó sì fò kọjá 250 lóru, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan dín?

Àwọn tó fẹ́ràn ohùn ẹ̀rọ jù lọ pàápàá ti dán an wò. Lọ́dún 2004, ìwé ìròyìn Secrets of Home Theater and High Fidelity ní Amẹ́ríkà kó àwọn olólùfẹ́ ohùn dáadáa jọ, wọ́n sì ń pààrọ̀ wáyà olówó gọbọi kan àti wáyà lásán fún wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìdáhùn 149, 73 péré ló tọ̀nà. Ẹni tó kàn ń méfò lásán náà lè gba iye bẹ́ẹ̀.

Èyí kò wá sọ pé bákan náà ni gbogbo wáyà rí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohùn ni làpálàpá, ewu iná ni ẹ̀tẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn wò ni ohun tí wọ́n fi ṣe wáyà náà. Bàbà ló dára, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò lójú ni ọ̀pọ̀ gbàrọgùdù. Agbára tí alumíníọ́mù fi ń gbé iná kò ju nǹkan bíi ìdá 60 nínú 100 ti bàbà lọ. Bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ ha irun wáyà náà, tí inú rẹ̀ funfun, kì í ṣe bàbà. Rọ́bà tó nípọn lè bo ìwọ̀nba irun wáyà díẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà, kíki kọ́ ni ẹ̀rí. Iye mm² tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí a wò: 0.75 tó fún ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, nígbà tí anpilifáyà alágbára ń fẹ́ 1.0 tàbí 1.5. Bí iná tó ń gba inú wáyà kan bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà tó bá ń gbóná lọ́wọ́, tàbí tó bá ti bó, kò yẹ kó sùn mọ́jú nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ohun kejì ni fíúsì inú plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1947, tí Nàìjíríà náà sì ń lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já kí wáyà tó gbóná kọjá ààlà. Ampere 3 tàbí 5 ló bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé mu. Ẹni tó fi bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíúsì tó já ti lé ọlọ́dẹ ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni áàtì, wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Àwọn kan a máa gé e nígbà tí sípíkà bá ń kùn hùn-ún. Bí iná bá wá kan ara irin ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò gbà kọjá. Ohun tó sábà máa ń pa ìkùn náà ni kí a fi gbogbo ẹ̀rọ náà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí a sì ya wáyà ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná. Ẹ̀rọ tó ní àmì igun mẹ́rin nínú igun mẹ́rin nìkan ni kò nílò áàtì.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Pípààrọ̀ orí wáyà kì í pààrọ̀ iná. Bí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá ka 100–240V, kò séwu. Bó bá ka 120V nìkan, àfi kó gba inú tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jó.

Ẹni tó bá lówó tó fẹ́ ná sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kó fi ra sitábiláísà gidi, kó sì pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kó wá yẹ áàtì ilé wò. Nígbà tí iná bá lọ, kó yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀, nítorí bí iná ṣe ń já wọlé padà ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jẹ́. Wáyà tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí, bí kò bá tíì bó, tí kò sì gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn.