Ẹ Gun Òkè Ìdànrè Kí Ògiri Rẹ̀ Tó Wó

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé ní Alésà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìsinmi bá gbé yín délé, ẹ mú àwọn ọmọ tí ẹ bí sí ìdálẹ̀ lọ sí Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àtẹ̀gùn ni ẹ óò gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ lórí òkè, níbi tí ààfin Ọwá wà pẹ̀lú àwọn òpó ọlọ́nà rẹ̀. Òkè náà ni odi àwọn baba wọn nígbà ogun. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún tí àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO. Ṣùgbọ́n amọ̀ ni ògiri ilé wọ̀nyí. Òjò kì í sì í dúró de ẹni tí ó wà lájò.