Ìdí-Igi Níwájú Adájọ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí bàbá olóbìnrin púpọ̀ bá kú ní Ìlúpéjú, ìdí-igi ni a sábà máa ń fi pín ogún rẹ̀: ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ìpín kan. Ṣùgbọ́n láti 1876 ni òfin kóòtù amúnisìn l'Ékòó ti wí pé àṣà aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ lòdì sí ẹ̀rí-ọkàn rere. Ẹ̀rí-ọkàn ta ni? Ti òyìnbó ni! Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, adájọ́ Èkó ní ìdí-igi lòdì. Kóòtù àpapọ̀ ní kò lòdì. Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ti parí rẹ̀ ní 1962, ọdún kejì òmìnira! Lóòótọ́, ìdí-igi jàre. Ní 1963 a kúrò lábẹ́ ọbabìnrin wọn. Síbẹ̀ Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ṣì pa gbólóhùn náà mọ́. Àṣà tí kóòtù kò bá tíì gbà rí gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá. Òfin tí òyìnbó fi sílẹ̀ kì í mú ẹlẹ́rìí wá.