Kí Ẹ Tó Dá Íntánẹ́ẹ̀tì Lẹ́bi: Ohun Tó Wà Lójú Ìwé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú Ẹ̀rọ Ìpàdé Fídíò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n owó yín wà nídìí rẹ̀, ohùn yín náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti ra ẹ̀rọ ìpàdé fídíò, èyí tó ní kámẹ́rà, màíkì àti tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí wọ́n gbé sí gbọ̀ngàn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí àwọn ará Ìbàdàn àti àwọn ará Èkó lè ṣèpàdé pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí èlé ẹ̀yáwó, tí ohùn àwọn ará ẹ̀ka kejì ń já wẹ́wẹ́, tí àwòrán wọn dúró gbagidi, tí alága wá ní "ó jọ pé wọ́n fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ti pinnu lórí owó àwọn kan láìgbọ́ tẹnu wọn.

Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ká tún ra dátà sí i. Nígbà mìíràn, ẹ̀bi tiwọn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ojú ìwé kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n kọ Network tàbí LAN sí lórí, tí oníṣẹ́ tó wá so ẹ̀rọ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí mọ́ láti ìgbà náà. A ò ní kí akápò di oníṣẹ́ ẹ̀rọ o. Ohun tí à ń wí ni pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ ohun tó wà lójú ìwé yẹn bó ṣe mọ ohun tó wà nínú ìwé báǹkì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ádírẹ́sì. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní tirẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi àmì ìdánudúró pín, tí wọ́n ń pè ní IP. Nínú ọ́fíìsì tiwa, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10. Wọ́n ya irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé nínú ìwé ìlànà kan tó jáde ní 1996, tó fi jẹ́ pé onílé kọ̀ọ̀kan lè lò wọ́n láìgbàṣẹ. Ó dà bí ìgbà tí a bá kọ "Yàrá Kẹta" sára ilẹ̀kùn. Ilé wo ni kò ní yàrá kẹta? Ará ilé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "Yàrá Kẹta" nìkan sára lẹ́tà láti ìlú mìíràn, lẹ́tà rẹ̀ kò lè débi kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Router ló máa ń pín ádírẹ́sì fún ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé; ètò tó fi ń ṣe é ni DHCP. Kì í fún un títí láé, ńṣe ló ń yá a, tó bá sì yá, ó lè gbé e fún ẹlòmíràn. Fún fóònù, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìpàdé dà bí ìsọ̀ lọ́jà, oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò bá a. Bó bá jẹ́ 192.168.1.23 lónìí, tó di 192.168.1.41 lọ́la, gbogbo àṣẹ tí wọ́n kọ sínú router pé "ẹni tó bá wá fún ìpàdé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ 23" á máa mú àlejò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tàbí sọ́dọ̀ fóònù ẹnì kan. Nítorí náà, ẹ fún un ní ádírẹ́sì kan tí kò ní yí padà.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ṣe é. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Static tàbí Manual sí. Ẹ sì lè sọ fún router pé kó máa pa ádírẹ́sì kan mọ́ fún ẹ̀rọ yìí nìkan. Nọ́ńbà MAC tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ni yóò fi dá a mọ̀. Lójú tiwa, ọ̀nà kejì ló dára jù fún ẹgbẹ́ tí kò ní oníṣẹ́ tirẹ̀, torí bí ẹ bá pààrọ̀ router lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ nǹkan sínú rẹ̀ á dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí, kò ní mọ̀ pé ọ̀nà ti yí padà.

Bó bá sì jẹ́ títẹ̀ náà lẹ fẹ́, ohun mẹ́rin ni: ádírẹ́sì, mask, gateway àti DNS. Ká ní router yín jẹ́ 192.168.1.1, ẹ̀rọ lè jẹ́ 192.168.1.50, mask á jẹ́ 255.255.255.0, router fúnra rẹ̀ ni gateway, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà jáde nílé. Ẹ rí i dájú pé 50 yẹn kò sí lára àwọn tí router ń pín kiri. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ méjì á gba ádírẹ́sì kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá pín ìsọ̀ kan fún ènìyàn méjì: èyí wọlé, èyí jáde, ìjà kò ní tán. Ẹ sì lè fi àìsàn mọ ohun tó ń ṣe é. Bí àwọn tó wà nínú ilé bá ń rí ẹ̀rọ náà ṣùgbọ́n tí kò lè pe ìta, ẹ wo gateway. Bó bá ń fi nọ́ńbà pè, tí kò lè fi orúkọ pè, DNS ni.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ láàmú jù lọ ló kàn o. Lójú ìwé kan náà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Speed àti Duplex sí. Full duplex ni pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè máa sọ̀rọ̀ nígbà kan náà. Half duplex ni pé bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì á dákẹ́, bí rédíò àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó fọhùn. Bí wọ́n ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ wá, Auto ló máa ń wà níbẹ̀: ẹ̀rọ àti switch, àpótí oníhò púpọ̀ tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀, á jọ dúnàádúrà, wọ́n á sì gbà lórí èyí tó dára jù tí àwọn méjèèjì lè ṣe.

Oníṣẹ́ kan á wá fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe é. Á mú ẹ̀rọ kúrò ní Auto, á fi sí "100 Full" kó lè le dáadáa, á sì fi switch sílẹ̀ ní Auto. Switch á bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, kò ní gbọ́ èsì. Ó lè fi bí iná ṣe ń wọlé mọ̀ pé 100 ni, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá Full ni tàbí Half, ìlànà sì ti sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó mú Half. Ẹ wá wò ó: ẹni kan ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú, èkejì ń dúró de ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó tó fọhùn, bí ẹni àkọ́kọ́ bá sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó gbà pé ìkọlù ti ṣẹlẹ̀, á dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ á máa jábọ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í hàn bí ẹrù bá kéré. Ẹ dán an wò, ó ń dáhùn. Ẹ pè, ó dún. Ẹ kí ara yín, ẹ gbọ́. Àfi ìgbà tí fídíò bá wọlé tán pátápátá, tí ẹrù wúwo, ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n á ra dátà méjì, mẹ́ta, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n á wà. Nítorí náà: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní Auto, tàbí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ohun kan náà gẹ́lẹ́. Ká fi ọ̀kan síbí, ká fi ọ̀kan sọ́hùn-ún, kò dáa rárá. Bí méjèèjì bá sì wà ní Auto, tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ "10" tàbí "Half" síta, ẹ wo wáyà. Wáyà tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn òwú inú rẹ̀ ti já, kò lè gbé ẹrù. Kò sì gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ láti switch dé ẹ̀rọ. Wi-Fi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, fún ìpàdé ẹgbẹ́, wáyà ni.

Ọ̀rọ̀ dátà wá kàn, ìṣirò ọjà la ó fi ṣe é. Bí ẹ bá fi ìpè sí megabit 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń mú àwòrán tó mọ́ jáde lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ rántí pé megabit 8 ló wà nínú megabyte 1. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Megabyte 450 ló ń jáde, 450 mìíràn ń wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 900 ní wákàtí kan, ká má tíì ka ohun tí àpò fúnra rẹ̀ wọ̀n. Ìpàdé wákàtí mẹ́ta á jẹ gigabyte 2.7. Bí ẹ bá dín in sí kilobit 384, nǹkan bíi megabyte 346 ni wákàtí kan. Àwòrán kò ní dán tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn á já gaara, ohùn la sì nílò jù nígbà ìdìbò. Ẹ má sì wo agbára ohun tí ń wọlé nìkan nígbà tí ẹ bá ń ra láìnì. Ohun tí ń jáde ni wọ́n sábà máa ń ṣahun rẹ̀.

Ní ti ibi tí wọ́n kọ QoS tàbí DSCP sí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ẹ bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá tiyín. Ó wà fún kí ohùn àti àwòrán kọjá ṣáájú ẹrù mìíràn, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbogboogbò, kò dájú pé ẹnikẹ́ni á bọ̀wọ̀ fún un.

A ti padà sórí Yàrá Kẹta. Bí ẹ̀ka kan bá fẹ́ pe ẹ̀ka kejì tààrà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ìlànà H.323, tó jáde ní 1996, tàbí SIP ni wọ́n ń lò. Ìpè H.323 ń wọlé láti ilẹ̀kùn 1720, ti SIP láti 5060 tàbí 5061. Ṣùgbọ́n ìkanlẹ̀kùn lásán nìyẹn, ohùn àti àwòrán máa ń gba ilẹ̀kùn mìíràn wọlé. Bí wọ́n bá ṣí ti ìkanlẹ̀kùn, tí wọ́n ti àwọn yòókù pa, ìpè á dún, wọ́n á máa rí yín, ẹ ò ní rí wọn. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ló sọ fún tọ̀hún pé "Yàrá Kẹta ni mo wà," ìyẹn ni pé ó fún un ní 192.168 tirẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ NAT sí lẹ ó ti sọ ádírẹ́sì ìta fún un. Ẹ kọ́kọ́ wo ádírẹ́sì ìta yẹn lórí router: bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, ẹ̀yin àti oníbàárà mìíràn lẹ jọ ń lo ẹyọ kan, ará ìta kò sì lè pè yín tààrà. Ẹ má fi owó ṣòfò lórí NAT nígbà náà. Kí ẹ̀ka méjèèjì máa pe jáde lọ pàdé ní irú ibi bíi Zoom tàbí Teams, bí ẹ̀rọ yín bá gbà á.

Oníṣẹ́ tó bá ti rẹ̀ lè sọ pé "ẹ jẹ́ ká ṣí gbogbo rẹ̀," kó gbé ẹ̀rọ náà síta gbangba, níbi tí wọ́n ń pè ní DMZ. Ẹ má gbà fún un o. Ní oṣù kìíní 2012, H. D. Moore, ọ̀gá nípa ààbò kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ Rapid7 ní Amẹ́ríkà, fi hàn bí òun ṣe wá inú íntánẹ́ẹ̀tì kiri, tí òun rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ìpàdé tí wọ́n fi síta, tí wọ́n sì fi sí Auto Answer, ìyẹn ni pé ẹni tó bá pè, ẹ̀rọ á gbé e fúnra rẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí, ó lè wọ yàrá ìpàdé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kó yí kámẹ́rà, kó sì gbọ́rọ̀. Ẹ fojú inú wo ìgbìmọ̀ yín tó ń ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ẹ pa Auto Answer, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá, torí lórí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ náà ni. Bí ẹ̀rọ bá sì ń dún lóru láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀, àwọn tó ń kanlẹ̀kùn kiri ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn mọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tiyín nìkan.

Kí oníṣẹ́ tó gba owó tó kù lọ́wọ́ akápò, kó kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé kan: ádírẹ́sì, mask, gateway, DNS, ohun tí Speed àti Duplex ń kọ, àwọn ilẹ̀kùn tó ṣí, àti ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀ka méjèèjì pe ara wọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní wákàtí tí ẹ máa ń ṣèpàdé gan-an, tí gbogbo àdúgbò ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe láàárọ̀ kùtù. Kí ẹnì kan lọ́hùn-ún ka ení dé ogún, kí ẹnì kan níhìn-ín máa kọ èyí tó bá gbọ́. Ìwé yẹn, inú fáìlì pẹ̀lú rìsíìtì ni kó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kì í ṣe lára ògiri.